Ẹ̀rí Tí Ń Bẹ Lẹ́nu Wa: Bí Èdè Ṣe Ń Yí Padà àti Ọ̀nà Tí Islām Gbà Dé Ilẹ̀ Yorùbá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba Aṣẹ̀dá, Ẹni tí ó ka oríṣiríṣi èdè ọmọ aráyé mọ́ ara àwọn àmì Rẹ̀ nínú Sūratu Rūm, āyah 22. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní pàtàkì, àríyànjiyàn méjì kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ láàrin wa. Èkíní ń bẹ nínú ilé. Ọ̀dọ́ tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá dé yóò gbọ́ tí bàbá àgbà ń pe ọmọ ní Bùráímọ̀, tí ìyá àgbà ń sọ pé òun yóò ṣe sàárà ní ọjọ́ Àlàmísì, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn àgbà kò mọ̀ ọ́n pè, wọ́n ti ba ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn jẹ́. Èkejì ń ti ìta wá. Àwọn kan ń sọ pé ogun ni ó gbé Islām dé ilẹ̀ Yorùbá, pé kí ogun jíhádì tó dé Ìlọrin, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n níhìn-ín, àti pé orúkọ tí à ń jẹ́ gan-an, Ìmàle, “ìmọ̀ líle” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Egbòogi kan ṣoṣo ni ó wo àríyànjiyàn méjèèjì sàn: kí á mọ bí èdè ṣe ń yí padà, kí á sì mọ bí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣe ń ka ìyípadà náà bí ẹni ń ka ìwé.

ÈDÈ KÌ Í DÚRÓ SÓJÚ KAN

Kò sí èdè alààyè tí kì í yí padà. Ọmọ kì í sọ̀rọ̀ bí bàbá rẹ̀ tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ-ọmọ kì í sọ ọ́ bí bàbá bàbá rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí i, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn ọmọ ìyá kan tí wọ́n ti tú ká lè máà gbọ́ ara wọn mọ́.

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ti ṣàkíyèsí èyí tipẹ́. Ibn Hazm, ọmọ ìlú Qurtubah ní Andalus, tí a bí ní 994 tí ó sì kú ní 1064, kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ al-Ihkām pé èdè Suryānī, èdè Hébérù àti èdè Lárúbáwá, èdè kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, àti pé títú tí àwọn tí ń sọ ọ́ tú ká lọ sí ibùgbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó yí i padà. Ó tún mú àpẹẹrẹ wá láti ìlú tirẹ̀: ó ní àwọn ará agbègbè kan wà tí ìrìn òru kan péré wà láàrin wọn àti Qurtubah, síbẹ̀ bí ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé èdè mìíràn ni. Ó lé ní 700 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí William Jones, adájọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì kan ní Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, tó sọ ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ ní 1786, pé èdè Sanskrit, èdè Gíríìkì àti èdè Látìn jọra ju ohun tí a lè pè ní èèṣì lọ, orísun kan ni wọ́n ti wá.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti di ìmọ̀ tí ó ní òfin. Ní 1822, Jacob Grimm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé ìyípadà ìró kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ibi tí Látìn bá ti ní p ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì a máa ní f: pater ni Látìn ń pe bàbá, father ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, piscis ni ẹja ní Látìn, fish ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ìró kan bá yí padà nínú èdè kan, yóò yí padà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀.

Èdè tiwa náà wọ inú ìwádìí yìí láìpẹ́. Ní Freetown, ní Sàró, òjíṣẹ́ ìjọ Kristẹni kan tí ń jẹ́ Sigismund Koelle jókòó ti àwọn ènìyàn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè ìlú oníkálukú, ó sì ń kọ èsì wọn sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854. Àkú ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá níbẹ̀ nítorí kíkí wa, “ẹ kú”. Koelle kò da ọ̀rọ̀ wọn pọ̀: ó kọ ti Ọ̀tà sọ́tọ̀, ti Ẹ̀gbá sọ́tọ̀, ti Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Oǹdó sọ́tọ̀.

Kí ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún? Ẹ wo èyí. Ará Ọ̀yọ́ ń sọ pé ilé, ìlú, iṣu, igi, ilẹ̀. I ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Ará Èkìtì a máa sọ pé ulé, ùlú, usu, ṣùgbọ́n igi ni yóò pe igi, ilẹ̀ ni yóò sì pe ilẹ̀. Èwo ni ó jẹ́ ti àtijọ́? Bí ó bá jẹ́ pé i ni gbogbo wọn ní tẹ́lẹ̀, kí ni yóò sọ fún ará Èkìtì pé kí ó yí ti ilé padà kí ó sì fi ti ilẹ̀ sílẹ̀? Kò sí òfin tí ó lè pín in bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìró méjì ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rọrùn láti rí i pé Ọ̀yọ́ ni ó da méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Nítorí náà, èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní “èdè ara oko” ni ó tọ́jú ohun àtijọ́ pamọ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ sí tiwa lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó dàgbà jù wá lọ.

ỌWỌ́ ÒFIN NI Ó MÚ BÙRÁÍMỌ̀

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà. Ṣé ó ba orúkọ jẹ́ ni? Ẹ jẹ́ kí á to àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò ti ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà waqt ti Lárúbáwá di wákàtí, al-baraka di alùbáríkà, al-baṣal di àlùbọ́sà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, òfin kan náà ni a fi gbà á: búrẹ́dì, gíláàsì, kíláàsì.

Lọ́nà kejì, Yorùbá kò ní ìró z. S ni ó fi ń rọ́pò rẹ̀. Zakāt di sàká, zinā di sìná, Zaynab di Sẹ̀nábù. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń pe síìpù ara ṣòkòtò.

Lọ́nà kẹta, àwọn ìró tí Lárúbáwá ń pè láti ọ̀nà ọ̀fun kò sí lẹ́nu wa, wọ́n sì sábà máa ń pòórá. Al-ʿāfiya di àlááfíà, al-khamīs di Àlàmísì, Khadīja di Àdíjà, Ḥamza di Àmúsá.

Lọ́nà kẹrin, níbi tí a bá tẹ̀lé m, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń di ọ. Fāṭima di Fàtímọ̀, al-jumʿa di Jímọ̀, Raḥmān di Ràmọ́nù, Muḥammad di Mọ̀mọ́dù, Sulaymān di Sùlẹ́mọ́nù.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí ó bá ń ba nǹkan jẹ́ kì í bà á jẹ́ lọ́nà kan ṣoṣo nígbà gbogbo. Ohun tí ó bá ń tẹ̀lé òfin láti Ìlọrin dé Èkó, láti Ìsẹ́yìn dé Ẹdẹ, ètò ni, kì í ṣe àṣìṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ ilé Yorùbá bí àlejò, wọ́n sì wọ aṣọ tí onílé wọ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò ni à ń pè wọ́n.

Kò sì sí èdè tí kò yá ọ̀rọ̀. Dīnār tí ó wà nínú Sūratu Āli ʿImrān, ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ni ó ti wá, denarius ni wọ́n ń pe owó náà. Al-Jawālīqī ti Bàgìdádì, tí ó kú ní ọ̀rúndún kejìlá, kọ odidi ìwé lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí Lárúbáwá yá. As-Suyūṭī, tí ó kú ní 1505, náà kọ ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó rí nínú Al-Kùránì. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà pé wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àjèjì, wọ́n ní bí Lárúbáwá ti gbà wọ́n tí ó sì yí wọn padà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n dà. Ohun tí à ń sọ nípa alùbáríkà náà nìyẹn: ọmọ Yorùbá ni báyìí.

ỌNÀ WO NI WỌ́N GBÀ WỌLÉ?

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ìtàn nìyí. Ọ̀rọ̀ tí ó bá rìn jìnnà a máa kó eruku ọ̀nà mọ́ra. Bí a bá wo eruku náà dáradára, a ó mọ ìlú tí ó gbà kọjá. Ọ̀nà méjì ni ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá gbà dé ọ̀dọ̀ wa: ọ̀nà ilẹ̀ Hausa, àti ọ̀nà òkè odò Ọya níhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ìjọba Mali àti ìjọba Songhay ti gbilẹ̀ rí.

Àwọn Hausa máa ń gé a iwájú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sọnù nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ń pe Mọ́ńdè ní Litinin, Túsídeè ní Talata, Wẹ́sídeè ní Laraba. La'asar ni ìrun ìrọ̀lẹ́, lafiya sì ni àlááfíà. Àwa ńkọ́? Àtìní, Àtàláátà, Àlàrùba, Àlàásárì, àlááfíà. A iwájú ń bẹ níbẹ̀ gbọingbọin. Àwọn Zarma, tí wọ́n ń sọ ẹ̀yà èdè Songhay ní orílẹ̀-èdè Niger lónìí, ń pe ọjọ́ mẹ́ta wọ̀nyẹn ní Atinni, Atalaata, Alarba. Ẹni tí ó gba ẹrù lọ́wọ́ alágbàtà kò lè rí ohun tí alágbàtà ti yọ kúrò nínú rẹ̀ gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ Hausa ni a ti gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, níbo ni a ti rí a náà?

Ṣùgbọ́n àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn àlùfáà wa ni ó dá a padà láti inú ìwé tí wọ́n ń kà. Nítorí náà onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò wá ẹlẹ́rìí mìíràn, irú èyí tí a kò lè rí nínú ìwé. Ó wà nílé-kéwú: wàláà. Lawḥ ni Lárúbáwá ń pè é, l ni ó ṣáájú, w ni ó tẹ̀lé e. Àwọn Hausa ń pè é ní allo. Ṣùgbọ́n àwọn Songhay àti àwọn Bambara ti Mali ti yí ìró méjèèjì po, wọ́n fi w ṣáájú l: walha ni Songhay, walaga ni Bambara. W náà ni ó ṣáájú nínú wàláà tiwa. Irú ìyípo bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé Lárúbáwá kankan. Ẹnu ènìyàn ni a ti gbà á.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni sàárà. Ṣadaqa ni Lárúbáwá, sadaka ni Hausa, d náà wà nínú méjèèjì. Saraka ni Bambara. R ni ó wà nínú tiwọn, r ni ó sì wà nínú tiwa. Ẹlẹ́rìí kẹrin ni àlùfáà. Malam ni àwọn Hausa ń pe olùkọ́ ẹ̀sìn wọn. Alfa ni oyè rẹ̀ ní ilẹ̀ Songhay. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe Mahmud Kati, onímọ̀ Timbuktu tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ìtàn Tārīkh al-Fattāsh.

Onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Stefan Reichmuth, kó àwọn ọ̀rọ̀ Songhay tí ó wà nínú èdè Yorùbá jọ, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1988. Ìtàn sì bá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ mu. Mansa Musa ti Mali lọ sí Hájì ní 1324. Askia Muhammad jọba lórí Songhay láti 1493 títí di 1528. Ní 1591 ni àwọn ọmọ ogun Mòrókò ṣẹ́gun Songhay. Ní gbogbo àkókò wọ̀nyẹn, oníṣòwò àti onímọ̀ ń rìn ní ọ̀nà odò Ọya. Ní 1615, Ahmad Bābā ti Timbuktu dárúkọ Yorùbá nínú ìwé rẹ̀ Miʿrāj aṣ-Ṣuʿūd. Lóòótọ́, ara àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni ó ka ìran wa mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó hàn pé a ti mọ orúkọ wa ní Timbuktu ní 189 ọdún kí jíhádì Shehu Usman ọmọ Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804.

Èyí kò sọ pé àwọn Hausa kò kó ipa. Ẹ̀rí tiwọn náà wà lẹ́nu wa. Mọ́ṣáláṣí kì í ṣe masjid ti Lárúbáwá. Masallaci ti Hausa ni, tí àwọn fúnra wọn kọ́ láti inú salla, èyí tí í ṣe ìrun, tí wọ́n sì fi ma ṣáájú rẹ̀ láti fi sọ ibi tí a ti ń kí i. Làbárè náà ti ọwọ́ wọn wá, ẹ wò ó pé a iwájú kò sí níbẹ̀ mọ́: labari ni wọ́n ń pè é. Tálákà náà ń bẹ lẹ́nu wọn. Ìpele méjì ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tò sí, gẹ́gẹ́ bí ògiri tí a mọ ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpele ti ìwọ̀-oòrùn mú àlùfáà, wàláà àti sàárà wá. Ìpele ti Hausa mú mọ́ṣáláṣí wá.

Ọ̀rọ̀ kì í sọ ọjọ́ àti ọdún fún wa, ọ̀nà ni ó ń fi hàn. Kò sì sí ohun kan nínú àlùfáà, wàláà àti sàárà tí ó jẹ mọ́ ogun. Olùkọ́ ni, pátákó ìkọ̀wé ni, ọrẹ àánú sì ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú wọn wọlé, bí oníṣòwò àti olùkọ́ ni ó ti wá.

ÌMÀLE, ṢÉ ÌMỌ̀ LÍLE NI?

Ó ku orúkọ wa. Ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn gé ọ̀rọ̀ tí kò mọ orísun rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí á dán “ìmọ̀ líle” wò. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ọ̀ inú ìmọ̀ ni ó yẹ kí a gbọ́, kí ni ó sọ ọ́ di à nínú Ìmàle? Èkejì, àwọn Fọn ti Dàhòmì, tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, ń fi orúkọ tí ó jọ ọ́ pe Mùsùlùmí. Ẹ̀kẹta, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ẹrú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dìde ní ìlú Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní oṣù Ramadan tí ó bọ́ sí January 1835, Malê ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. A ni wọ́n gbọ́, a ni wọ́n kọ. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ni ó gbà pé orúkọ Mali ni ó wà nínú rẹ̀, pé ilẹ̀ tí àwọn olùkọ́ náà ti wá ni a fi ń pè wọ́n. Ẹ̀rí wàláà àti sàárà sì ti èyí lẹ́yìn. Orúkọ tí àwọn kan fi ń pẹ̀gàn wa, àdírẹ́sì ni.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bí a bá ń ké Al-Kùránì, tàbí tí a bá ń kírun, ibi tí olúkúlùkù lẹ́tà ti ń jáde lẹ́nu ni kí á pè é. Ìdí nìyẹn tí tajwīd fi wà. Ìtọ́jú ìwé mímọ́ wà lára ohun tí ó mú kí àwọn àgbà onímọ̀ bí al-Khalīl àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ Sībawayh ti Persia ka ìró Lárúbáwá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rúndún kẹjọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá ń sọ Yorùbá, Yorùbá ni ó ń sọ. Kò kùnà nínú Lárúbáwá. Ẹni tí ó bá “tún” Àlàmísì ṣe ní ẹnu rẹ̀, ẹ̀rí ni ó ń pa rẹ́.

Ẹ̀rí náà sì ń dínkù. Àwọn ọmọ wa ń sọ Tọ́sídeè báyìí, wọn kò mọ Àlàmísì. Àwọn mìíràn kò rí wàláà rí, pátákó funfun àti ìwé títẹ̀ ni wọ́n bá nílé-kéwú. A kò lè dá ìyípadà èdè dúró, a kò sì ní í bá a jà. Ṣùgbọ́n a lè kọ ohun tí ó ń lọ sílẹ̀ kí ó tó lọ. Koelle kò ní ju ìwé, kálàmù àti sùúrù lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ mú ìwé kékeré kan tọ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà lọ. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ìrun márààrún, ọjọ́ méje, oṣù méjìlá, àti gbogbo ohun èlò ilé-kéwú. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ti pè é gẹ́lẹ́, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ kọ orúkọ ìlú wọn àti ọdún tí ẹ kọ ọ́ sí i. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní ogún ọ̀rọ̀ péré, ohun tí kò sí nínú ìwé kankan lè jáde níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa dá àwọn àgbà wa sí, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní. Àmín.